Èsì: Kí ni ká máa pe ‘stem cell transplant’ fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Láti ìgbà tí arábìnrin wa tó ń ṣe ògbufọ̀ nílé ìwòsàn ní London ti gbé ìbéèrè rẹ̀ síwájú wa ni mo ti ń ka èsì yín. Ìbéèrè náà ò gùn: báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ìyá tó gbọ́ Yorùbá nìkan pé àwọn dókítà fẹ́ ṣe stem cell transplant fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ SS, ìyẹn ni pé ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àti pé ara ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni wọ́n ti máa mú ohun tí wọ́n fẹ́ lò? Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ti jáde. Ẹnì kan ní ká pè é ní ‘ìpààrọ̀ ẹ̀jẹ̀’. Ẹlòmíì ní ‘iṣẹ́ abẹ eegun’. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè n’Ìbàdàn mú ‘àtúngbìn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀’ wá. Ẹni kẹrin ní kí la tún ń dààmú ara wa sí, ṣebí ‘ìyípadà genotype’ ni wọ́n ń pè é lórí rédíò àti lórí WhatsApp, ká yáa máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni kẹrin yìí ni mo fẹ́ bá yín fà jù, torí òun nìkan ló lè kó bá ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ palẹ̀ àwọn tó kù mọ́.

‘Ìpààrọ̀ ẹ̀jẹ̀’ ò ṣófo, ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ọmọ tó jẹ́ SS, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún un nílé ìwòsàn tó bá lágbára ni pé kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì dí i. Ìyẹn gan-an ni ìpààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Kì í sì í tọ́jọ́. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó dá ṣáṣá ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára kó tó gbó, ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí èyí tí wọ́n fà sí i lára bá ti gbó tán, èyí tí eegun ọmọ náà ń ṣe ni yóò tún kún ibẹ̀, SS ni. Bí ògbufọ̀ bá wá ń lo orúkọ kan náà fún méjèèjì, ìyá tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ rí á ní òun ti mọ̀ ọ́n, òun ti rí ibi tó mọ, kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun.

‘Iṣẹ́ abẹ eegun’ tún burú ju ìyẹn lọ. Àrùn yìí máa ń pa orí eegun itan, òun ló ń mú kí àwọn àgbà kan tó jẹ́ SS máa tiro, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn láti fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn dáadáa, ìyẹn ló máa rò. Nínú ohun tí à ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó ń la eegun aláìsàn. Inú àpò lohun tí wọ́n mú wá máa ń wà, wọ́n á gbé e kọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, á gba inú iṣan wọlé, á sì fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà dé inú eegun. Ara ẹni tó ń fúnni ni wọ́n ti ń fà á, níbi eegun ìbàdí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kùn ún lóorun. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lè tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀rọ á wá ṣà wọ́n láti apá.

Mùdùnmúdùn inú eegun ni ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, òun ló sì yẹ ká di mú. Àwọn kan níhìn-ín kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú, pé bí wọ́n bá ti dárúkọ mùdùnmúdùn, mùdùnmúdùn ìjọba àwarawa ló ń wá síni lọ́kàn. Ẹ̀rín pa mí. Èèyàn tó jókòó síwájú dókítà ò ní rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní ọ̀dà títì àti iná mànàmáná. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni pé a tún ń fi mùdùnmúdùn pe ohun tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn mìíràn sì ń fi pe ohun tó wà nínú agbárí. Ẹ sọ fún bàbá kan pé ẹ fẹ́ fa mùdùnmúdùn lára àkọ́bí rẹ̀, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ohun tó máa rò ni pé ọmọ ọ̀hún ò ní lè rìn mọ́, tàbí pé orí rẹ̀ máa dàrú. Nítorí náà, ẹ má dá a pè. Mùdùnmúdùn eegun ìbàdí ni kẹ́ ẹ máa wí, kẹ́ ẹ sì tètè sọ pé èyí tí wọ́n bá fà máa ń padà kún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lórí ‘sẹ́ẹ̀lì’, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ‘hóró’ lẹ́jọ́, hóró ẹ̀jẹ̀ pupa dùn létí. Àwọn tó fẹ́ ‘àhámọ́’ náà ní tiwọn. Ọmọ girama ń sọ sẹ́ẹ̀lì, ìyá rẹ̀ náà ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì.

‘Stem’ ló le. Ọ̀kan nínú yín túmọ̀ rẹ̀ sí ‘sẹ́ẹ̀lì ìtì igi’, torí pé igi ló bá nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ò ti ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Ọmọ Jámánì kan, Ernst Haeckel, ló kọ ‘Stammzelle’ sílẹ̀ ní 1868, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí yòókù ṣẹ̀ wá látara rẹ̀ ló sì ń sọ. Lóòótọ́ ni Stamm jẹ́ ìtì igi lédè wọn, ṣùgbọ́n òun náà ni ìran, òun náà ni ẹ̀yà. Àwòrán tí wọ́n máa ń yà, tí orúkọ baba ńlá á wà nísàlẹ̀ tí àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ á máa ya ẹ̀ka lókè, Stammbaum ni wọ́n ń pè é. Orírun ni ọkùnrin yẹn ń wí. Àwa náà ní orírun lẹ́nu, kò sí Yorùbá tí a máa sọ fún pé Ifẹ̀ ni orírun wa tí á béèrè pé kí ni ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa t’Ìbàdàn, ẹ dárí jì mí, ìpìlẹ̀ kì í bímọ. Ìpìlẹ̀ ń gbé ilé dúró, ibi tí wọ́n bá fi í sí ló ń wà. Sẹ́ẹ̀lì tí à ń sọ yìí ń bímọ, ìyẹn gan-an niṣẹ́ rẹ̀: òun ló ń bí ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ló ń bí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, òun náà ló ń bí àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bí a bá fara gbọgbẹ́. Láti 1961 ni James Till àti Ernest McCulloch ní Toronto ti fi han ayé, nígbà tí wọ́n fi mùdùnmúdùn eegun sínú àwọn eku tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa tiwọn, tí wọ́n wá rí kókó kéékèèké nínú ọlọ inú àwọn eku náà, tó sì hàn nígbà tó yá pé ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ló bí kókó kan. Irú èyí ò lè jẹ́ ìpìlẹ̀. ‘Sẹ́ẹ̀lì orírun ẹ̀jẹ̀’ ni mo fọwọ́ sí. Àbúrò wa kan ti kọ ‘ìyá ẹ̀jẹ̀’, ó sì kúrú, ó dára lórí ìwé. Àmọ́ kó lọ pè é lálẹ́ nínú agbo ilé kan n’Íjẹ̀bú, pé òun fẹ́ fi ìyá ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ wọn lára, kó wá jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe rí.

Ó wá ku ìṣe. Àtúngbìn dára, mi ò ní parọ́. Ohun tó ń ṣe mí ni pé a ní ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àgbẹ̀ kí dókítà tó dé: lọ́. Àgbẹ̀ tó hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nídìí ìyá rẹ̀ tó lọ gbìn ín sóko mìíràn, ó lọ́ ọ ni. Ẹni tó mú ẹ̀ka igi kan so mọ́ igi mìíràn kó lè máa hù lára rẹ̀, ó lọ́ ọ ni. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n lò ní Róòmù orí 11, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi ólífì igbó tí wọ́n mú wá sára igi ólífì ilé. Ẹnì kan kọ̀wé pé ìlọ́ máa dà pọ̀ mọ́ àlọ́, ó sì tún máa mú èèyàn rántí ìfun tó lọ́. Fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ti àlọ́ àti ti ìlọ́ ò jọ ara wọn, kò sì sẹ́ni tí wọ́n máa sọ fún pé ‘ìlọ́ mùdùnmúdùn eegun’ tó máa dáhùn pé àlọ̀. Ti ìfun ni mo gbà pé ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ a ò kọ ojú tó ń fọ́ torí pé àwo náà ń fọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún bá ọ̀ràn yìí mu ju bí a ṣe rò lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ la fi ń rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì orírun ṣe ń ṣe: bó bá pín, ọ̀kan lè di ẹ̀jẹ̀ kó sì bá ti ẹ̀jẹ̀ lọ, kí ìkejì dúró nídìí gẹ́gẹ́ bí orírun, kó tún máa bí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára fi ń tán, tí ìlọ́ yìí kì í fi í tán bó bá ti gbà. Wọn kì í sì í lọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú igbó dídí. Àwọn oògùn líle bíi busulfan àti cyclophosphamide tí wọ́n ń fún aláìsàn ṣáájú, tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, iṣẹ́ ìṣánlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, kí mùdùnmúdùn àtijọ́ lè fi àyè sílẹ̀, kí ara má sì lé tuntun jáde. Ìyá gbọ́dọ̀ gbọ́ apá ibí yìí kó tó fọwọ́ síwèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ewu rẹ̀ wà, ó sì lè mú kí ọmọ náà máà lè bímọ lọ́jọ́ iwájú.

Arákùnrin wa láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) ti sọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká gbọ́. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, síkúlà ò já mọ́ nǹkan kan, drépanocytose ni dókítà ń pè é, wọ́n sì ń gé e kúrú sí drépano. ‘Greffe de moelle’ ni wọ́n sì ń pe ohun tí à ń wá orúkọ fún yìí. Greffe yẹn, lọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni lédè Faransé bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lédè wa. Bí a bá mú ìlọ́, Yorùbá tó wà lábẹ́ Faransé àti èyí tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì á bára wọn pàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ èdè ẹnì kejì rẹ̀.

Kí wá ni ká fi àtúngbìn ṣe? Iṣẹ́ wà fún un. Ní 2019, ní Nashville ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì orírun obìnrin kan tó ń jẹ́ Victoria Gray, ará Mississippi, kúrò lára rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dá a padà sí i lára. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn yìí tí wọ́n fi CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé gene, tọ́jú ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá 2023 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, Casgevy lorúkọ tí wọ́n ń tà á. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, owó rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe eléyìí náà ní transplant. Àwa lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n hú lára mi tí wọ́n tún gbìn sí èmi náà lára, àtúngbìn ni. Ohun tí wọ́n mú lára ẹ̀gbọ́n mi wá sí tèmi, ìlọ́ ni. Ìyá tó bá gbọ́ ìlọ́ ti mọ̀ pé ẹnì kan wà tó máa fúnni, á sì béèrè pé ta ni. Ẹni tó gbọ́ àtúngbìn ò ní máa wá ẹnikẹ́ni kiri.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ‘ìyípadà genotype’.

Ẹni tó jẹ́ SS, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ AA fún un ní mùdùnmúdùn eegun, tí ó sì gbà dáadáa: bó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọdún kan lẹ́yìn náà, AA ni wọ́n máa kọ síwèé fún un. Bí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ O tí òun jẹ́ B tẹ́lẹ̀, O ló máa di. Àyẹ̀wò náà ò parọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ tí mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ló sì wà nínú iṣan rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọ̀ kì í ti inú mùdùnmúdùn wá. Ẹyin obìnrin kì í ti ibẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe bí i náà ni apá yẹn wà, S ló sì máa fún gbogbo ọmọ tó bá bí, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí orúkọ yìí máa fà nílé. Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ní Nàìjíríà ò ní so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìrí ìwé genotype àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n ti yí genotype rẹ̀ padà á gbé ìwé AA rẹ̀ lọ bá pásítọ̀, ọkàn rẹ̀ mọ́, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. AS ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya. Pásítọ̀ wò ó, AA àti AS, kò séwu, ó ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́. Ní tòótọ́, SS àti AS ló so pọ̀ yẹn: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS, ìdajì yòókù á jẹ́ AS, AA kan ò lè sí níbẹ̀. Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù láyé, nǹkan bí 150,000 lọ́dún, tí AS sì tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. Kò ní pẹ́ tí irú àwọn tọkọtaya bẹ́ẹ̀ fi máa bára wọn pàdé.

Ti Casgevy tún yàtọ̀. Níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan S rárá. Ohun tí wọ́n gé ni apá kan nínú gene tó ń jẹ́ BCL11A, èyí tó máa ń pàṣẹ kí ara dáwọ́ ẹ̀jẹ̀ ìgbà ọmọ inú oyún dúró lẹ́yìn ìbí. Bí àṣẹ yẹn bá ti dákẹ́, ara á tún máa ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú, S ò sì ní ráyè mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ bí dòjé mọ́. Ẹni náà á wà láìsí ìrora, síbẹ̀ bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á rí S nínú rẹ̀. Nítorí náà ‘ìyípadà genotype’ kùnà nínú ọ̀kan, ó tún kùnà nínú ìkejì.

Ẹni kẹrin wa sọ pé èèyàn ò lè bá ọjà jà, pé ohun tí gbogbo ayé bá ń pe nǹkan ni orúkọ rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, mo gbà bẹ́ẹ̀ lórí mọ́tò. Mi ò gbà á lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi mú ìyàwó. Bí ẹ bá fẹ́ gbólóhùn tí ògbufọ̀ lè lò, tèmi nìyí: “Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ti di AA, ṣùgbọ́n S ṣì ni ohun tó máa fún ọmọ.” Mo mọ̀ pé àtọ̀ ò rọrùn láti pè níwájú ìyá àgbà, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ibòmíì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà tún wà níbẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Dókítà òyìnbó bi ìyá pé ọmọ yìí ní ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò? Ìyá ní ó ní márùn-ún. Dókítà yọ̀. Nínú márùn-ún yẹn, méjì lè jẹ́ ọmọ ìyàwó kékeré, kí ẹnì kan jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá tí wọ́n jọ ń gbé láti kékeré. Yorùbá ni ìyá sọ, kò parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àmì tí ara fi ń mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní HLA, ọ̀dọ̀ ìyá la ti ń gba ìdajì rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá la sì ti ń gba ìdajì yòókù. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà nìkan ni anfààní rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin láti bá aláìsàn mu délẹ̀. ‘Ọmọ ìyá’ pàápàá ò tó, ọmọ ìyá mi ni mo ń pe gbogbo yín níhìn-ín. Kí ògbufọ̀ sọ ọ́ tán pátá: ọmọ tí ìyá yìí bí fún bàbá yìí.

Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ká máa túmọ̀ ìbáramu yẹn sí ‘ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu’, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ìyá á rò pé nítorí ọ̀kan jẹ́ O tí èkejì jẹ́ B, ó ti bà jẹ́ nìyẹn, tàbí pé ọmọ òun tó jẹ́ AS ò wúlò. AS ń fúnni o. Nínú ìròyìn tó jáde ní 1984 láti Memphis, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó ní àrùn yìí tún ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe lọ́ mùdùnmúdùn ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ AS sí i lára, àrùn méjèèjì sì jọ lọ. Ibẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ rí i pé ó ṣeé ṣe. ‘Ìbáramu ara’ ni kẹ́ ẹ wí, kẹ́ ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí a fi ń gbé ara wa gbóná lórí ohun tí wọ́n ń ṣe lókè òkun nìkan. Kì í ṣe lókè òkun nìkan. Ní 2011 ni Dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún ọmọ kan tó jẹ́ SS nílé ìwòsàn Yunifásítì ti Benin City, ọmọ ìyá rẹ̀ ló fún un. LUTH n’Ídì-Àràbà náà ti wọ inú iṣẹ́ ọ̀hún pẹ̀lú Sickle Cell Foundation Nigeria. Èdè wo lẹ rò pé wọ́n máa fi bá ìyá tó wá láti Mushin sọ̀rọ̀? Lókè òkun pàápàá, ọ̀rọ̀ náà kàn wá: nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ fúnni ní Amẹ́ríkà, àǹfààní tí aláwọ̀ dúdú ní láti rí àjèjì tó bá a mu délẹ̀ ò ju 29 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì jẹ́ 79 fún òyìnbó. Kí Yorùbá tó lè forúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé wọn ò ní fa ọ̀pá ẹ̀yìn òun.

Lórí ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lọ́ bá kọjú ìjà sí ara tó gbà á, mo rí i pé ẹ ti kọ ‘àlejò ń bá onílé jà’. Ó gún régé, ó sì sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ fi òdìkejì rẹ̀ kún un, ‘onílé lé àlejò’, fún ìgbà tí ara bá kọ̀ ọ́. Ní ti ‘ìwòsàn’, mo fẹ́ kí ògbufọ̀ fi iye sí i. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 lórí 1,000 èèyàn tí ọmọ ìyá àti bàbá wọn tó bá wọn mu fún láàárín 1986 sí 2013, nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí 91 sì wà láàyè tí ìlọ́ náà ò kọ̀. Iye tó dára ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè, ìyá sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Ẹni tó ní ká pa ‘fòníkú-fọ̀ladìde’ rẹ́ torí pé ikú wà nínú rẹ̀, mi ò bá a lọ. Felix Konotey-Ahulu, dókítà ọmọ Gánà, ti kọ orúkọ tí àwọn ará ìlú wọn ń pe àrùn náà sílẹ̀: chwechweechwe lédè Gà, nwiiwii lédè Fántì, nuidudui lédè Éwé. Ìró ọ̀rọ̀ wọn ń padà wá bí ìrora náà ṣe ń padà wá. Tiwa ò sín ìró jẹ, ìgbà ló kà, òní àti ọ̀la, ìyá tó bá ti tọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. ‘Àrùn ẹ̀jẹ̀ dòjé’ tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, ohun tí dókítà James Herrick rí nínú awò ní Chicago tó sì kọ jáde ní 1910 ló ń sọ, Gíríìkì àti Látìn náà ò sọ ju dòjé lọ. Ta ló ń fi dòjé kórè nílẹ̀ wa báyìí? Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti pàdé rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé ká fi pe àrùn, ká má fi pe èèyàn. ‘Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde’ gùn ju ‘síkúlà’ lọ, ẹ fara dà á.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, ẹ̀yin Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé ní Tógò, ọwọ́ yín ni mo wá ń wò lórí ìlọ́ yìí. Kí lẹ ń sọ lọ́dọ̀ yín bí ẹ bá hú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ gbìn síbòmíì? Bó bá jẹ́ lọ́ náà ni, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ kọ ọ́ wá, kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i.